A Kì Í Fárí Lẹ́yìn Olórí: Ọmọ Aláwọ̀ Dúdú àti Ìwádìí Kòkòrò HIV ní Amẹ́ríkà

Ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ 18 oṣù karùn-ún ọdún 1997, ní ìlú Baltimore. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde Yunifásítì Morgan State wọ gáùn, wọ́n dé fìlà oyè, àwọn ẹbí sì wá bá wọn yọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ aláwọ̀ dúdú ni Morgan State láti ìpìlẹ̀. Ààrẹ Bill Clinton ni olùbánisọ̀rọ̀ ọjọ́ náà, níwájú àwọn ọmọ yìí ló sì ti gbé àfojúsùn kan kalẹ̀ fún orílẹ̀-èdè rẹ̀: kí ọdún mẹ́wàá tó pé, kí wọ́n rí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún kòkòrò HIV. Ó ní NIH, àjọ ìjọba tó ń náwó sórí ìwádìí ìlera, yóò dá ilé ìwádìí tuntun sílẹ̀ nítorí rẹ̀.

Ọjọ́ méjì péré ṣáájú, ààrẹ yìí kan náà ti tọrọ àforíjì ní White House lọ́wọ́ àwọn bàbá arúgbó láti Tuskegee. Láti 1932 títí di 1972, àjọ ìlera ìjọba Amẹ́ríkà kó 600 ọkùnrin aláwọ̀ dúdú jọ ní ìpínlẹ̀ Alabama. Àrùn syphilis wà lára 399 nínú wọn. Wọn kò sọ ohun tó ń ṣe wọ́n fún wọn. Nígbà tí pẹnisílìnì dé, tó di oògùn tí gbogbo ayé fi ń wo àrùn náà, wọ́n fi dù wọ́n, kí àwọn dókítà lè máa wo bí àrùn yóò ṣe jẹ wọ́n títí wọn yóò fi wọ ibojì.

Mẹ́jọ péré ló ṣẹ́kù láyé lọ́jọ́ àforíjì, márùn-ún ló lè wá. Bàbá Herman Shaw, tó ti lé ní ẹni 90 ọdún, ló dìde sọ̀rọ̀ lórúkọ wọn.

Ọjọ́ Ẹtì, àforíjì fún ìwádìí tí wọ́n fi aláwọ̀ dúdú ṣe bí ẹni fi ewúrẹ́ ṣe é. Ọjọ́ Àìkú, ìlérí ìwádìí mìíràn níwájú àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú. Ìbéèrè kan wà láàárín ọjọ́ méjèèjì tí mi ò lè gbójú fò: nínú ìwádìí tuntun yìí, ṣé àwọn ọmọ Morgan yóò wà lára àwọn tó ń wádìí, àbí lára àwọn tí wọ́n ń wádìí nìkan?

Àwa náà kò ní gbàgbé ọdún yẹn. Kò pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà tí Fela, gbajúgbajà olórin wa, kú ní Èkó, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, mínísítà ìlera nígbà kan rí, jáde sọ ọ́ ní gbangba pé éèdì, àrùn tí HIV ń fà, ló pa á. Dókítà ni, ó mọ ohun tó ń sọ, ọmọ ìyá olókùú sì ni. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ lára àwọn tó ti ń sọ pé kò sí éèdì fi dákẹ́ tí wọ́n gbọ́.

Ta ló ń jìyà, ta ló ń wádìí?

Ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 1981 ni CDC, àjọ tó ń gbógun ti àrùn ní Amẹ́ríkà, kọ́kọ́ tẹ ìròyìn jáde nípa ọ̀dọ́kùnrin márùn-ún ní Los Angeles tí irú òtútù àyà kan tí kò wọ́pọ̀ kọlù. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà ti ka éèdì sí àrùn àwọn ọkùnrin funfun tó ń fẹ́ ọkùnrin. Àwòrán tó wà lọ́kàn wọn nìyẹn, òun náà ni ilé ìwé ìròyìn ń gbé jáde.

Àwòrán yẹn ti yàtọ̀ sí òótọ́ tipẹ́. Ní ọdún 2022, CDC fojú bù ú pé nǹkan bí 31,800 ènìyàn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kó kòkòrò náà ní Amẹ́ríkà. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, 37 jẹ́ aláwọ̀ dúdú, bẹ́ẹ̀ aláwọ̀ dúdú kò ju nǹkan bí 12 nínú ọgọ́rùn-ún ará ìlú lọ. 33 mìíràn jẹ́ Latino, àwọn tí ìran wọn ṣẹ̀ wá láti Mẹ́síkò, Puerto Rico àti àwọn ilẹ̀ yòókù níbẹ̀. Bí ìdajì gbogbo wọn ló ń gbé ní ìhà gúúsù: Georgia, Mississippi, Louisiana, Texas, Florida, níbi tí iná ẹrú ti jó jù.

Ẹ wá wo yàrá ìwádìí. Nígbà tí Donna Ginther, onímọ̀ ọrọ̀ ajé, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ àwọn ìwé tí àwọn olùwádìí fi ń tọrọ owó ńlá lọ́wọ́ NIH wò láàárín 2000 sí 2006, èyí tó ti ọ̀dọ̀ aláwọ̀ dúdú wá kò tó méjì nínú ọgọ́rùn-ún.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní kòkòrò kò mọ àwọ̀, pé ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ni kó ṣe é. Òótọ́ ni pé kòkòrò kò mọ àwọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wádìí ló ń yan ohun tí yóò wádìí, ibi tí ó ti wá sì máa ń hàn nínú ohun tó bá yàn.

Oògùn tí kò bá gbogbo ara mu

Àpẹẹrẹ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́, nítorí ó kan àwa náà.

Oògùn kan wà tó ń jẹ́ efavirenz. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun ni àwọn tó ní HIV ń gbé mì lálaalẹ́ káàkiri ayé, títí kan Nàìjíríà, kí dolutegravir tó dé gba ipò rẹ̀. Ìwọ̀n kan náà ni wọ́n ń fún gbogbo ènìyàn, 600 mílígíráàmù.

Ní Zimbabwe, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Collen Masimirembwa, ọmọ ilẹ̀ náà gan-an, bẹ̀rẹ̀ sí í wo bí ara àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe ń lo oògùn yìí. Ní 2007 ó rí i pé bí ẹnì kan nínú márùn-ún wọn ló ní irú àbùdá kan tí kì í jẹ́ kí ara tètè lo efavirenz tán. Bí wọ́n ṣe ń gbé ti òní mì ni ti àná ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ó ní ìwọ̀n tó kéré sí i ló yẹ irú wọn.

Ta ló gbọ́? Ní 2015, ìjọba Zimbabwe gba efavirenz wọlé fún gbogbo ènìyàn ní ìwọ̀n tí wọ́n ń lò níbi gbogbo. Kò pẹ́ tí ìròyìn fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Àwọn aláìsàn ń rí ìran tí kò sí níbẹ̀, ọkàn wọn ń rẹ̀wẹ̀sì, wọ́n sì ń pa oògùn tì. Ẹni tó ní HIV tó sì pa oògùn tì, ikú ló ń lọ bá yẹn.

Bákan náà lọ́rọ̀ rí ní Amẹ́ríkà. Ìwádìí kan tó jáde ní 2004 fi hàn pé àbùdá yìí wà ní kíkún lára 20 nínú ọgọ́rùn-ún aláwọ̀ dúdú tí wọ́n yẹ̀ wò, nígbà tí ti aláwọ̀ funfun kò ju mẹ́ta lọ. Ó wọ́pọ̀ dáadáa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà pẹ̀lú. Aláìsàn tó bá wá sọ fún dókítà pé oògùn yìí ń da orí òun rú, tí dókítà ní kó lọ fara dà á, kò parọ́. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀.

Ìwòsàn pàápàá ní irú ìtàn yìí nínú. Timothy Ray Brown, ẹni àkọ́kọ́ tí gbogbo ayé gbà pé ó bọ́ lọ́wọ́ HIV pátápátá, gba mùdùnmúdùn egungun ní Berlin lọ́wọ́ ẹni tó ní àbùdá kan tí kì í jẹ́ kí kòkòrò náà rí ọ̀nà wọ sójà ara, sẹ́ẹ̀lì tó ń gbógun ti àrùn. Lára àwọn tí ìran wọn wá láti Yúróòpù ni àbùdá yẹn ti wà. Lára ọmọ Áfíríkà, ó ṣọ̀wọ́n gan-an. Inú mi dùn sí ìwòsàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà nínú yàrá náà tí yóò béèrè pé, tiwa ńkọ́?

Ìbéèrè tí kì í rówó

Ẹni tó bá tilẹ̀ wọ inú yàrá náà kò tíì bọ́. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ olùwádìí ìlera tí kò rí owó NIH gbà kò lè sanwó àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́, kò lè ra kẹ́míkà, bó pẹ́ bó yá yóò kó ẹrù rẹ̀.

Ohun tí Ginther rí tó dun ọ̀pọ̀ ènìyàn nìyí. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2011. Bí a bá mú ìwé ọgọ́rùn-ún láti ọ̀dọ̀ funfun, a mú ọgọ́rùn-ún láti ọ̀dọ̀ dúdú, tí ilé ẹ̀kọ́ wọn, oyè wọn àti iye iṣẹ́ tí wọ́n ti tẹ̀ jáde dọ́gba, iye tí ó ń rówó lára ti dúdú máa ń fi nǹkan bíi mẹ́wàá dín.

Ní 2019 ìwádìí mìíràn jáde láti inú NIH gan-an, èyí tí Travis Hoppe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe. Wọ́n rí i pé àwọn olùwádìí aláwọ̀ dúdú máa ń yan ìwádìí tó kan àdúgbò àti ìgbé ayé ènìyàn: kí ló dé tí àrùn fi pọ̀ níbí ju ọ̀hún lọ, kí ló ń dí àwọn obìnrin lọ́wọ́ láti gba oògùn. Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ kì í sábàá rówó tó ti ẹni tó ń wo èròjà inú sẹ́ẹ̀lì. Ohun tí wọ́n yàn yìí nìkan ló fa ohun tó lé ní ìdá kan nínú márùn-ún àlàfo náà.

Èmi kò gbà pé ìwádìí àdúgbò rọrùn tàbí pé ó kéré sí tòmíràn. PrEP wà, oògùn tí ẹni tí kò ní HIV ń lò kó má bàa kó o, ìjọba sì ti fọwọ́ sí i láti 2012. Síbẹ̀, ní 2022, 14 péré nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń lò ó ló jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Oògùn ti wà fún ọdún mẹ́wàá nígbà náà, kí ló dé tí kò fi dé ọ̀dọ̀ àwọn tí àrùn ń pa jù? Ìbéèrè tó le jù nínú gbogbo ọ̀ràn HIV lónìí nìyẹn, ẹ̀rọ awò kò sì lè dáhùn rẹ̀.

Ọ̀nà náà gùn, ebi sì ń pa ẹni tó ń rìn ín

Ẹ jẹ́ ká ka ọdún. Ọmọ yóò lo ọdún mẹ́rin fún oyè àkọ́kọ́. Yóò lo márùn-ún tàbí mẹ́fà fún oyè ọ̀mọ̀wé. Lẹ́yìn náà yóò lo ọdún mélòó kan sí i lábẹ́ ọ̀gá, owó táṣẹ́rẹ́. Nígbà tí púpọ̀ nínú wọn bá máa fi gba owó ńlá àkọ́kọ́ lórúkọ ara wọn, wọ́n ti lé ní ẹni 40 ọdún.

Ọmọ olówó lè rìn ín. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń retí owó lọ́wọ́ rẹ̀ ńkọ́? Ibi tí ọ̀ràn náà ti kọ́kọ́ ń wọ́ ni ìsinmi ìgbà ooru. Àkókò yẹn ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń wọ yàrá ìwádìí kọ́ iṣẹ́, tí wọ́n ń mọ bí a ti ń ya sójà ara kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, tí ọ̀jọ̀gbọ́n fi ń mọ orúkọ wọn. Bí wọn kò bá sanwó fún un, ọmọ tálákà yóò lọ dúró ní ṣọ́ọ̀bù. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ọmọ olówó ti ní ìwé ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n méjì, ọmọ tálákà ní ìwé owó oṣù láti ṣọ́ọ̀bù. Lójú àwọn tó ń gba ọmọ wọlé fún oyè ọ̀mọ̀wé, èkíní ló mọ̀wé jù.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan láti ilé ẹ̀kọ́ aláwọ̀ dúdú ní Atlanta ṣàlàyé pé kì í ṣe iṣẹ́ ló kọ́kọ́ ba òun lẹ́rù bí kò ṣe ìdánìkanwà. "Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń pè ní àpérò, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà sí ọ̀jọ̀gbọ́n. Èmi kò mọ̀, mi ò sì fẹ́ béèrè kí wọ́n má bàa ní mo gọ̀."

Láàárín àwọn Yorùbá tó wà lọ́hùn-ún, ìdènà mìíràn tún wà, a kò sì gbọdọ̀ fi bò. Ìyá kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Houston sọ ọ́ bó ṣe rí lára rẹ̀: "Ọmọ mi ní òun fẹ́ máa ṣe ìwádìí HIV. Mo ní, ṣé dókítà ni wọn yóò máa pè ọ́? Ó ní dókítà ni, ṣùgbọ́n òun kò ní máa wo aláìsàn. Mo ní ta ni yóò wá sanwó fún ọ?" Ìbéèrè ìyá náà kò burú. Ìyá tó ti ṣiṣẹ́ òru fún ogún ọdún kí ọmọ lè kàwé ní ẹ̀tọ́ láti béèrè owó. Ẹ̀rù orúkọ àrùn náà sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn òbí kan kò fẹ́ kí wọ́n dá orúkọ ọmọ wọn àti HIV pọ̀ rárá, ìbáà ṣe nínú ìwé ìwádìí.

Ohun tí wọ́n ṣe ní Baltimore

Ní 1988, ní UMBC, yunifásítì kan tí kò jìnnà sí Morgan State, Freeman Hrabowski bẹ̀rẹ̀ ètò kan pẹ̀lú owó tí Robert àti Jane Meyerhoff fi sílẹ̀. Aláwọ̀ dúdú ni Hrabowski, onímọ̀ ìṣirò. Ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà tí wọ́n jù ú sí àtìmọ́lé ní Birmingham ní 1963, nítorí ó bá àwọn ọmọdé ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde wọ́de fún ẹ̀tọ́ aláwọ̀ dúdú.

Ètò Meyerhoff kì í ṣe ètò àánú. Wọ́n ń wá àwọn ọmọ tó mọ ìṣirò dáadáa. Wọ́n ń sanwó ilé ẹ̀kọ́ wọn. Kí ọdún àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ti kó wọn wá sí ọgbà láti jọ kẹ́kọ̀ọ́, láti mọ ara wọn. Ẹni tó mọ kẹ́mísírì yóò kọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ìtìjú kò sí níbẹ̀ láti béèrè. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ fún wọn pé oyè àkọ́kọ́ kò tó, oyè ọ̀mọ̀wé ni wọ́n ń lọ bá. Ìgbà ooru kọ̀ọ̀kan, yàrá ìwádìí ni, pẹ̀lú owó lọ́wọ́.

Aláwọ̀ dúdú ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Láti 1996 ó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ẹ̀yà, síbẹ̀ kò dẹ́kun láti máa mú ọ̀mọ̀wé aláwọ̀ dúdú jáde. Àwọn yunifásítì Penn State àti North Carolina ní Chapel Hill ti gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ wọn.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Meyerhoff ni Kizzmekia Corbett. Ìlú kékeré kan ní North Carolina ló ti dàgbà. Ilé ìwé girama ló wà nígbà tí ètò kan tó ń sanwó fún ọmọ tálákà kọ́kọ́ gbé e wọ yàrá ìwádìí. Ó jáde ní UMBC ní 2008, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 2014, ó sì lọ ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí abẹ́rẹ́ àjẹsára ti NIH. Ilé yẹn ni Clinton ṣèlérí ní Morgan State ní 1997. Abẹ́rẹ́ àjẹsára HIV kò tíì jáde níbẹ̀ títí dòní. Ṣùgbọ́n nígbà tí kòrónà dé ní 2020, Corbett àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ló bá ilé iṣẹ́ Moderna ṣe abẹ́rẹ́ tí ìjọba fọwọ́ sí kí ọdún náà tó parí. Nígbà tí ẹ̀rù abẹ́rẹ́ ń ba àwọn aláwọ̀ dúdú, tí wọ́n ń dárúkọ Tuskegee, òun ló ń lọ bá wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n gbọ́ ọ, bí àwa ti gbọ́ Olikoye.

Nínú ìwádìí HIV fúnra rẹ̀ irú ètò bẹ́ẹ̀ wà. Ní 2011 ni HVTN, ẹgbẹ́ tó ń dán abẹ́rẹ́ àjẹsára HIV wò láti Seattle, bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn dúdú àti Latino ní owó àti ọ̀gá tí yóò tọ́ wọn sọ́nà nínú ìwádìí tiwọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ti tọ́ irú wọn sọ ohun tó ti rí: owó ń mú ọmọ wọlé, ṣùgbọ́n ẹni tó ń pe ọmọ lórí fóònù lọ́jọ́ tí ìdánwò kò bọ́ sí i ni kì í jẹ́ kó jáde.

Ọdún 2025

Ní ọdún 2025 ni ìjọba Ààrẹ Donald Trump dojú kọ gbogbo ohun tó bá ti jẹ mọ́ ìrànwọ́ fún ẹ̀yà tí kò pọ̀. NIH fagi lé ọgọ́rọ̀ọ̀rún owó ìwádìí, ti HIV wà lára èyí tó fara gbá jù. MARC, ètò tó ti ń sanwó fún akẹ́kọ̀ọ́ láti àwọn ọdún 1970 kí wọ́n lè di olùwádìí, wà lára èyí tí wọ́n pa.

Ní oṣù karùn-ún, wọ́n sọ fún ẹgbẹ́ ìwádìí abẹ́rẹ́ HIV méjì, ọ̀kan ní Duke, ọ̀kan ní Scripps, pé owó wọn kò ní tún jáde mọ́ tí èyí tó wà lọ́wọ́ bá tán. Ní oṣù kẹfà, Adájọ́ William Young ní Boston ní ìfagilé náà kò bófin mu. Ó ní láti ogójì ọdún tí òun ti ń dájọ́, òun kò rí kí ìjọba ṣe irú ẹlẹ́yàmẹ̀yà yìí rí. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, márùn-ún sí mẹ́rin, gba ìjọba láyè láti máa bá ọ̀pọ̀ ìfagilé náà lọ.

Ọdún yẹn kan náà ni ìròyìn ayọ̀ tó tóbi jù dé. Wọ́n fọwọ́ sí lenacapavir ní Amẹ́ríkà, abẹ́rẹ́ ìdènà tí ènìyàn ń gbà lẹ́ẹ̀mejì péré lọ́dún. Nínú 2,134 ọ̀dọ́mọbìnrin tó gbà á ní South Africa àti Uganda nígbà tí wọ́n ń dán an wò, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó kó HIV. Obìnrin Áfíríkà ló fara wọn sílẹ̀, Linda-Gail Bekker, dókítà láti Cape Town, ló sì darí iṣẹ́ náà.

Báwo ni abẹ́rẹ́ yìí yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ obìnrin aláwọ̀ dúdú ní abúlé Mississippi, tí ilé ìwòsàn jìnnà sí i, tí ìtìjú ń dì mú, tí ìtàn Tuskegee ṣì ń dún létí rẹ̀? Irú ìbéèrè tí Hoppe ní kì í rówó gan-an nìyẹn, àwọn ọmọ tí wọ́n ń kọ́ láti dáhùn rẹ̀ ni wọ́n sì já sílẹ̀ ní agbede méjì ọ̀nà. Ọdún mẹ́wàá ni a fi ń ṣe olùwádìí kan. Ọmọ tó kúrò ní 2025 lọ wá iṣẹ́ báńkì kò ní padà nígbà tí ìjọba mìíràn bá dé. Àdánù ńlá ni, ẹ̀mí ènìyàn ni wọn yóò sì fi san án.

Sí ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tẹ́ ẹ ti di ọ̀jọ̀gbọ́n àti dókítà ní Atlanta, ní Houston, ní Baltimore, ẹ má dúró de ìjọba. Ọmọ kan lọ́dún kan, ìbáà ṣe ọmọ wa tàbí ọmọ aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà tàbí ọmọ Latino, ẹ mú un wọ yàrá ìwádìí yín, ẹ sanwó fún un, ẹ kọ lẹ́tà fún un.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá sọ pé ìwádìí HIV ni òun fẹ́ ṣe, ẹ má lé e padà. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ni kì í gba owó ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń kà fún oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ìwádìí ìṣègùn, wọ́n sì máa ń san owó àtijẹ fún un lóṣooṣù. Ẹ bi í bóyá ó ti kọ̀wé sí àwọn ètò ìgbà ooru tó ń sanwó. Púpọ̀ nínú wọn máa ń ti ìlẹ̀kùn ní oṣù kìíní sí oṣù kejì, kí ẹni tó fẹ́ wọlé tètè bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kọkànlá.